Ohùn Tí Kò Rí Ọ̀nà Wọlé

Abẹ́ tábìlì ni Sẹ̀kínà ti kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta, ìbọ̀sẹ̀ kan ti ya níbi àtàǹpàkò, orí rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún níbi tí wáyà tẹlifóònù ti wọ inú ògiri. Òjò ń lu páànù ọjà Adjamé bí ẹni pé ó fẹ́ lù ú wọlẹ̀. Àfi bí àpótí dúdú kékeré tó wà lórí tábìlì ṣe ṣàdédé han gooro, tó sú fèé, tó sì wá ń hó ṣàà bí òróró gbígbóná tí omi ta sí. Sẹ̀kínà fò sẹ́yìn, ó fara gbá páálí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀.

Ọkùnrin náà yọ orí síta. Eruku ti bo irun rẹ̀. Ó wo àwọn abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó wo Sẹ̀kínà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bẹ̀rù, mademoiselle. Kì í bu èèyàn jẹ."

"Kí ló dé tó ń ké báyìí?"

"Ó ń kí ẹnì kejì rẹ̀ ni."

Ọdún 2000 nìyẹn. Alhaji Abdul-Ganiyu, bàbá Sẹ̀kínà, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ ní Abidjan. Adjamé ni wọ́n bí Sẹ̀kínà sí. Ó ti jáde ilé ìwé akọ̀wé, òun ló sì fi ìrọ̀rùn yí bàbá rẹ̀ lọ́kàn padà tó fi ra kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè máa kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí wọn láti Dubai. Làtífù ni orúkọ ọkùnrin abẹ́ tábìlì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò tíì pẹ́ tó dé, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abobo ló ń sùn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe.

Wọ́n jọ kúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa abẹ́rẹ́. Sẹ̀kínà ò yé bèèrè ọ̀rọ̀ lórí àpótí tó ń ké.

"Mọ́dẹ́mù là ń pè é," Làtífù sọ. "Kọ̀ǹpútà yín yìí, òdo àti ení nìkan ló gbọ́, kò ní èdè míì. Wáyà tẹlifóònù ní tirẹ̀, ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Mọ́dẹ́mù ló dúró sáàárín wọn. Á sọ òdo àti ení di ohùn, ohùn á gba inú wáyà lọ, mọ́dẹ́mù míì á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, á sì sọ ọ́ padà di òdo àti ení. Ariwo tí ẹ gbọ́ yẹn, ìkíni ni. Wọ́n ń bi ara wọn pé báwo làwọn ṣe máa yára sọ̀rọ̀ tó."

"Ìkíni náà mà gùn o."

"Ó lè jẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá."

Sẹ̀kínà rẹ́rìn-ín. "Tí òjò bá ń rọ̀ báyìí ńkọ́?"

"Tí omi bá wọ inú wáyà, wọn ò ní gbọ́ ara wọn dáadáa. Wọ́n á máa rọra sọ̀rọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Kò sì burú kéèyàn rọra máa sọ̀rọ̀ nígbà míì."

Kó tó lọ, ó lọ bá Alhaji níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bí mọ́dẹ́mù bá ti ń ṣiṣẹ́, tẹlifóònù ò ní lè dún; ẹni tó bá pè á máa gbọ́ pé ìlà dí. Alhaji mi orí. Oníbàárà wà níwájú rẹ̀ tó ń du iye ọjà. Kò sẹ́ni tó tún ronú kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Làtífù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí ọjà bá rọlẹ̀. Ó ní òun wá kọ́ Sẹ̀kínà níṣẹ́ ni. Á gbé àtìẹ́kẹ́, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbẹ̀, àti ẹja díndín wá nínú ọ̀rá, wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn káńtà. Ó kọ́ ọ pé mọ́dẹ́mù kan wà tó dà bíi páálí pẹlẹbẹ, inú ikùn kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀. Òun ò fẹ́ràn ìyẹn, nítorí èèyàn ò lè rí iná ara rẹ̀. Ó ní èyí tó wà níta yìí dára jù, pé èèyàn lè wo ojú rẹ̀ kó sì mọ ohun tó ń ṣe é.

"Bí ẹnì kan báyìí," ó sọ.

"Kí lo rí lójú mi?"

"Ebi. O ti jẹ ẹja tèmi tán."

Yorùbá Sẹ̀kínà máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mo máa sọ̀kalẹ̀ ní dix-sept heures," gẹ́gẹ́ bí ará Abidjan ṣe ń fi Faransé sọ pé òun máa ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Làtífù gbé ojú sókè, ó ń wo àjà.

"Orí igi wo lo wà?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ kí i lórí tẹlifóònù, ohun tó máa ń sọ ni, "Ṣé o ti sọ̀kalẹ̀?" Àdìzátù, ìyá Sẹ̀kínà, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó kàn ń fi ẹja kún oúnjẹ alẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni gbogbo rẹ̀ bà jẹ́. Alhaji fẹ́ rí àwòrán ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Dubai, ó sì ní kí Làtífù wá gbà á fún òun. Àwòrán náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ife kékeré fa omi inú kànga. Ó sú Alhaji, ó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ bá àwọn oníbàárà. Nígbà tí àwòrán wọlé tán, Làtífù àti Sẹ̀kínà ò já ìlà. Làtífù ń fi àwòrán òjò dídì ìlú òyìnbó hàn án, Sẹ̀kínà gbé orí lé èjìká rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, kò sì sí èyí tó fẹ́ dìde nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe já ìlà báyìí, tẹlifóònù dún. Àfi bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Alhaji ló wá gbé e. Olújídé ló ń pè, olùkọ́ tó jẹ́ aládùúgbò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé Sẹ̀kínà gbọ́ ọ níbi tó dúró sí.

"Alhaji, níbo lẹ wà? Láti ọ̀sán la ti ń pè yín! Màmá yín ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Dókítà yọ̀ǹda tẹlifóònù rẹ̀, wọ́n gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì fún wọn. À ń tẹ nọ́ńbà, ìlà ń dí, à ń tún un tẹ̀. Màmá di tẹlifóònù yẹn mú sétí, wọn ò jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ àwọn. Alhaji, wọ́n di í mú títí ọwọ́ wọn fi rọ̀."

Alhaji gbé tẹlifóònù lélẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jókòó lórí páálí ọjà, ó ń wo mọ́dẹ́mù.

"Àwòrán yẹn," ó sọ nígbẹ̀yìn, "ṣé ó ti wọlé tipẹ́?"

Làtífù ì bá purọ́. Sẹ̀kínà ń gbàdúrà nínú pé kó purọ́.

"Ó ti pẹ́, Bàbá. A kàn jókòó ni."

"Yọ nǹkan yẹn kúrò lára ògiri mi," Alhaji sọ. "Kí o sì máa lọ."

Làtífù padà wá ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fún màmá Alhaji, ó wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji dá àwọn èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóhùn, kò dá a lóhùn. Sẹ̀kínà tẹ̀ lé e jáde dé etí títì.

"Má wá mọ́," ó sọ fún un. Ojú rẹ̀ ti wú. "Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ. Bí mo bá rí ọ báyìí, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni màá rántí ohun tí ìdùnnú yẹn gbà lọ́wọ́ bàbá mi. Mi ò lè fara dà á."

Gbaka kan, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ ní Abidjan, dúró, Làtífù wọ inú rẹ̀, ó lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Alhaji wá ọkọ kan fún ọmọ rẹ̀, oníṣòwò kan ní Bouaké. Ogun dé, ó la ilẹ̀ náà sí méjì, Bouaké bọ́ sí apá kan, Abidjan bọ́ sí apá kejì, ọ̀rọ̀ ọkọ náà sì tú ká láìsí ẹni tó fagi lé e. Sẹ̀kínà ríṣẹ́ akọ̀wé ní Biétry, àdúgbò kan ní Abidjan, ní ọ́fíìsì ọ̀gbẹ́ni Gilbert, ẹni tó ń kó ẹja lọ sí òkè òkun. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú, omi àti ojú ọ̀run á di àwọ̀ kan náà, Sẹ̀kínà á sì jókòó, á máa wò ó títí wọ́n á fi pè é.

Ní ọdún 2005, ọ̀gbẹ́ni Gilbert ní àwọn fẹ́ fa íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun. Sẹ̀kínà gbé ojú sókè láti kí oníṣẹ́ tó wọlé. Làtífù ni. Ó ti sanra díẹ̀, ewú kékeré kan ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

"Ṣé o ti sọ̀kalẹ̀?" ó bi í, ohùn rẹ̀ ò dájú.

"Mi ò tíì rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí," Sẹ̀kínà dáhùn.

Làtífù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítorí kò mọ ohun míì tó lè ṣe. Bó ṣe ń so wáyà ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní mọ́dẹ́mù ADSL nìyí, kì í ké. Ó ní nínú wáyà kan ṣoṣo, ohùn èèyàn á gba ìsàlẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì á gba òkè fíofío níbi tí etí ò lè gbọ́, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fíltà á sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọ̀kan má baà di èkejì lọ́nà.

"Ìyẹn ni pé tẹlifóònù lè dún?" Sẹ̀kínà bèèrè. "Téèyàn bá tilẹ̀ jókòó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀?"

"Ó lè dún."

Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ sí i, tẹlifóònù orí tábìlì dún. Sẹ̀kínà kò gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún rí láti ọjọ́ tí ìyá bàbá rẹ̀ ti kú. Làtífù fi wáyà sílẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Èmi náà ò sùn dáadáa láti ìgbà yẹn," ó sọ. "Sẹ̀kínà mi. Jẹ́ kí n lọ bẹ Bàbá."

Ó lọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Alhaji jẹ́ kó wọlé, ó tilẹ̀ ní kó jókòó. Ọ̀rá kan wà lẹ́sẹ̀ Làtífù.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Mọ́dẹ́mù tuntun ni, Bàbá. Mo ní kí n wá so ó fún yín. Èyí kì í dí tẹlifóònù."

Sẹ̀kínà, tó ń gbé omi bọ̀, mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò yẹ kó mú un wá. Alhaji wo ọ̀rá náà títí.

"Ta ló wá fẹ́ pè mí báyìí?" ó bèèrè.

Làtífù ti ọ̀rá náà sẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò bá ọ jà," Alhaji sọ. "Mo ti dárí jì ọ́, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọ, ìyá mi ni mò ń rí, pẹ̀lú tẹlifóònù létí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni màá máa rí i nígbà gbogbo tí ọkọ ọmọ mi bá wọlé kí mi? Mi ò lè ṣe é. Má bínú."

Nígbà tí Sẹ̀kínà sìn ín jáde, ó sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ fún un. Òun ò ní fẹ́ ẹ bí bàbá òun ò bá fọwọ́ sí i. Òun ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn.

"Tó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, mi ò ní bínú."

"Níbo ni kí n lọ?" Làtífù bi í. "Abobo ni mò ń gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Sẹ̀kínà ń kó ọmọ lọ sílé ìwé. Làtífù yá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì Abobo, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ń ta mọ́dẹ́mù tó gbòde nígbà náà, èyí tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n ń pè ní la clé, ìyẹn kọ́kọ́rọ́. Kò nílò wáyà. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ọ̀rọ̀, láti orí òpó irin gíga. Ó fún Sẹ̀kínà ní ọ̀kan. Ó ní bí iná ara rẹ̀ bá pupa, kò rí òpó. Bó bá di búlúù tí kò ṣẹ́jú mọ́, ọ̀nà ti là.

Lẹ́yìn ìdìbò tó dá ìjà sílẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, ìbọn dé Abobo. Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì lórí. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí tẹlifóònù kò lọ mọ́ ní gbogbo ìlú. Nọ́ńbà Làtífù kú. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn á ti wá ara àwọn, nítorí náà Sẹ̀kínà ki mọ́dẹ́mù bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Iná rẹ̀ pupa. Ó gbé e lọ sí fèrèsé pálọ̀, ó gbé e lọ sí fèrèsé ilé ìdáná. Ó pupa síbẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sunkún, kò jẹun, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Alhaji ti darúgbó, ó ń tẹ ọ̀pá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan kékeré náà mú síta fèrèsé.

"Báyìí ni wọ́n ṣe dì í mú," ó sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá?"

"Ìyá mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Gbé kọ̀ǹpútà yẹn. Jẹ́ ká gun òkè ilé."

"Bàbá, ìbọn ń dún."

"Mo gbọ́ ọ. Gbé e."

Àtẹ̀gùn náà ga fún un, ó sì ń sinmi lórí rẹ̀. Lókè, èéfín dúdú dúró ní apá àríwá, níbi tí Abobo wà. Sẹ̀kínà fi wáyà gígùn kan so mọ́dẹ́mù mọ́ kọ̀ǹpútà, Alhaji gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ so ó mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbé e sókè. Arúgbó náà dúró bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí èéfín. Apá ń ro ó, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iná ṣẹ́jú. Ó di búlúù.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Sẹ̀kínà kà á sókè: Làtífù wà láàyè. Àwọn tó dínà ti gba tẹlifóònù rẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ rìn dé Anyama, ìlú tó wà lẹ́yìn Abobo, oníṣòwò obì kan ló gbà á sílé, kọ̀ǹpútà ọmọ onílé ló sì fi ń kọ̀wé.

"Ṣé ó wà níbẹ̀ báyìí?" Alhaji bèèrè.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Kọ ọ́ sí i pé Abdul-Ganiyu ni. Kọ ọ́ pé èmi ni mo di nǹkan yìí mú."

Sẹ̀kínà kọ ọ́. Èsì pẹ́ kó tó dé. *Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí ilé, ìbọn ń dún.*

Alhaji gbọ́, ó tún ọ̀pá náà dì mú. "Kọ ọ́ pé kó má kúrò níbẹ̀. Tí ọ̀nà bá là, à ń bọ̀ wá bá a."

"Ta ni àti ta ni, Bàbá?"

"Èmi àti ìwọ, àti ìyá rẹ. Ṣé wọ́n ń so yìgì láìsí bàbá ìyàwó ni?"

Ọ̀nà là lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́. Wọ́n so yìgì náà ní Anyama, ní ọwọ́ àárọ̀, nínú ọgbà oníṣòwò obì. Kò sí ìlù. Onílé náà ń ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀, àwọn èèyàn Abobo sì sùn káàkiri orí ẹní nínú ọgbà, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Aṣọ tí Làtífù wọ̀, wọ́n yá a ni. Apẹ̀rẹ̀ obì kan tí onílé fún un ló fi ṣe sàdáàkì ìyàwó. Nígbà tí lèmọ́mù bi Alhaji bóyá ó fi ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin yìí, Alhaji di ọwọ́ Làtífù mú kó tó dáhùn, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Wọ́n wọ gbaka padà sí Adjamé lọ́sàn-án. Alhaji àti Àdìzátù wà níwájú, ọkọ àti ìyàwó wà lẹ́yìn.

"Wọ́n ní apá kan títì wa ò jóná," Làtífù sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Bí ṣọ́ọ̀bù mi bá wà lára rẹ̀, a ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"A ó bẹ̀rẹ̀, olólùfẹ́ mi. Sinmi ná."

Làtífù kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tó ti sá kúrò nílé. Kí wọ́n tó dé Abobo, orí rẹ̀ ti wó lé èjìká Sẹ̀kínà, ó ń mí bí ọmọdé. Gbaka rọra ń gba àárín táyà jíjó kọjá. Sẹ̀kínà ń wo ẹnu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi dé ti Làtífù. Páànù ti wó, ògiri dúdú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Alhaji náà ti rí i. Ó yí ojú padà láti iwájú, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rọra mi orí pé kó má jí i.

Sẹ̀kínà fa ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú ọkọ rẹ̀ kí oòrùn má baà ta á jí, gbaka sì ń bá a lọ.